Bí Dísíkì Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Bá Bàjẹ́: Kí Ni Kí Á Kọ́kọ́ Ṣe?

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ojú kì í rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá kọ síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní háàdì dísíkì. Àwa yóò máa pè é ní dísíkì nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá ti ń darúgbó, dísíkì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó máa ń tètè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kò ṣòro láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ó sì dá a padà lè pààrọ̀ dísíkì. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe kí á tó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé dísíkì tuntun wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ti àtijọ́ kò sí lọ́jà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn kan tí ó ṣojú mi ṣe àlàyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní abúlé àwọn àgbẹ̀ kòkó ránṣẹ́ pè mí. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù, owó tí ó yá, àti èyí tí ó ti san padà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù kí wọ́n pín èrè ọdún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé tan kọ̀ǹpútà náà. Dípò kí ó ṣí bí ó ti máa ń ṣí, ìlà lẹ́tà funfun kan ni ó hàn lójú rẹ̀, tí ó ń sọ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi jí. Láti inú àpótí náà sì ni ìró kan ti ń jáde, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná ta tábìlì. Akọ̀wé pa á, ó tún un tàn. Ó pa á, ó tún un tàn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 20.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni ó wí fún mi nígbà tí mo dé, “mo rò pé bí mo bá ń ṣe é léraléra, yóò gbà ni.”

Ìgbà 20 yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Kí á tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí á mọ bí inú dísíkì ti rí.

Nínú àpótí irin kékeré náà, àwo róbótó kan tàbí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níbẹ̀, tí ó ń dán bí dígí. Alumíníọ̀mù tàbí gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi ohun tí ó ní agbára òòfà kun ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú ọ̀dà yìí ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà. Àwo náà ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 7,200, èyí jẹ́ ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ó ti ń yí ni apá kékeré kan ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti kàwé àti láti kọ̀wé. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n mọ giramafóònù yóò rántí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí ń sáré lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Apá inú dísíkì fi ara jọ ọ́, àfi pé abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fi ara kan rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ti dísíkì kò gbọdọ̀ kan àwo láé. Afẹ́fẹ́ tí àwo ń fẹ́ bí ó ti ń yí ni ó gbé e ró. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ èéfín sìgá kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde. Àwo 50 ni ó wà nínú tiwọn, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 24, gbogbo rẹ̀ sì wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù kan. Síbẹ̀, lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà. Dísíkì 500 GB tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan mú lónìí ń gbà tó ìlọ́po ọ̀kẹ́ márùn-ún rẹ̀, èyí ni 100,000. Kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè gba ojú tó kéré tó bẹ́ẹ̀, dandan ni kí apá náà máa súnmọ́ àwo sí i. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n dísíkì jìgìjìgì nígbà tí ó ń yí lọ́wọ́, tàbí tí ọjọ́ ogbó bá dé, orí apá náà lè bọ́ lé àwo, kí ó sì máa ha ọ̀dà náà kúrò. Ọ̀dà tí ó ha kúrò yìí ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó wọn.

Ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí akọ̀wé gbọ́ ni ti apá tí ó ń wá ibi tí yóò dúró sí, tí kò rí i, tí ó padà sẹ́yìn, tí ó tún wá. Nígbàkígbà tí a bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ó tún di dandan fún un láti wá a. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọkàn ènìyàn láti jókòó ti ohun tí ó bàjẹ́ láìgbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú gan-an ni ó ń pa á.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó bá kọ̀ láti jí ni dísíkì rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí kò bá sí ìró àjèjì kankan, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn ohun kéékèèké wò. Mo ti rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan rí, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àtira kọ̀ǹpútà tuntun, tí ó sì jẹ́ pé fláàṣì tí olùkọ́ kan gbàgbé sí ara kọ̀ǹpútà ni ó ń dí i lọ́wọ́: kọ̀ǹpútà ń wá ohun tí yóò fi jí nínú fláàṣì náà, kò sì sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn, wáyà tí ó so dísíkì mọ́ pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà ni ó tú díẹ̀. Bátìrì kékeré kan tún wà lórí pátákó náà, ó rí róbótó bí owó kọ́ìnì, a sì kọ CR2032 sí i lára. Bátìrì yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí aago àti ètò rẹ̀ nígbà tí kò sí iná. Bí ó bá ti kú, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn yóò máa padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ó sì lè gbàgbé bí ó ti ń bá dísíkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bátìrì náà kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dá dísíkì lẹ́bi.

Àmì ikú dísíkì tún wà tí kì í ṣe ti ìró. Kọ̀ǹpútà tí ó ti ń ṣe dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣí ìwé kan. Ó lè dúró gbagidi láìgbọ́ràn. Ìwé tí ó ń ṣí lánàá lè kọ̀ láti ṣí lónìí. Dísíkì a tún máa ṣe àkọsílẹ̀ nípa ìlera ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SMART, kọ̀ǹpútà mìíràn a sì máa kà á síta nígbà tí a bá tàn án, yóò ní kí á tètè kó àkọsílẹ̀ wa, kí á sì pààrọ̀ dísíkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tẹ bọ́tìnnì láti kọjá ìkìlọ̀ yìí lójoojúmọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò sí ìkìlọ̀ mọ́.

Ní abúlé tí mo ń sọ yìí, kò sí ìkìlọ̀ tí ó kù. Mo yọ dísíkì náà, mo fi aṣọ tí ó gbẹ wé e, mo sì gbé e lọ sílé. Bàbá Alága ẹgbẹ́ bi mí léèrè ìgbà tí n óò mú un padà. Mo dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ má sì ṣe ìlérí kankan fún ẹnikẹ́ni.”

Ìdí tí mo fi gbé e lọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi dísíkì tí ń kú lọ jí kọ̀ǹpútà mọ́. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni a ó fi kà á. Wáyà kan wà tí a fi ń so dísíkì mọ́ ẹnu USB kọ̀ǹpútà mìíràn. Ti dísíkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì gbọ́dọ̀ ní wáyà iná tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iná ẹnu USB kò tó o. Ètò tí mo lò ni GNU ddrescue, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Linux. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í jà. Bí ó bá kan ibi tí kò ṣeé kà, yóò fò ó, yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tí ó rọrùn lọ sínú dísíkì mìíràn tí ó dára, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá sí ibi tí ó le. Ó tún máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí ó dé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí iná bá lọ, yóò tẹ̀síwájú láti ibẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ó gbà á ní òru mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìwé ọdún gbogbo ti bọ́ sí ibi ààbò, àfi ti oṣù mẹ́ta: oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ibi tí apá dísíkì ti ha àwo ni wọ́n bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá jẹ́ ìgbà kòkó, nígbà tí owó ń wọlé jùlọ.

Kí n tó sọ bí wọ́n ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn ìmọ̀ràn búburú tí ènìyàn yóò gbọ́ ní irú àkókò yìí. Àwọn kan yóò ní kí ẹ gbé dísíkì sínú fíríìjì. Ẹ má ṣe é: bí ó bá jáde sínú ooru, omi yóò sẹ̀ sí i lára, àti nínú pẹ̀lú. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ gbá a lójú pẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ ṣí i láti wo inú rẹ̀. Dísíkì tí a bá ṣí nínú yàrá lásán, eruku kan ṣoṣo tó láti parí rẹ̀. Yàrá tí a fọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ni àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ti ń ṣí i, owó wọn sì wọ́n púpọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá dá dísíkì náà mọ̀ rárá, àwọn wọ̀nyí nìkan ni ó kù, kí onílé sì ronú bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá tó iye bẹ́ẹ̀. Ewu tí ó tún farapamọ́ ni ti Windows fúnra rẹ̀, tí yóò bi yín bóyá kí òun tún dísíkì náà ṣe. Ẹ dáhùn pé rárá. Àtúnṣe náà ń kọ̀wé sórí dísíkì, ó sì ń lò ó ní ìlò àṣekú, nígbà tí ó yẹ kí á rọra máa kà á nìkan.

Nígbà tí mo padà dé abúlé pẹ̀lú ìròyìn pé oṣù mẹ́ta sọnù, yàrá ìpàdé dákẹ́. Màmá àgbàlagbà kan dìde, wọ́n ní àwọn ti san gbogbo owó tí àwọn yá ní oṣù Kẹwàá, ta ni yóò jẹ́rìí àwọn báyìí? Akápò ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀,” ó sì lọ gbé ìwé rìsíìtì rẹ̀ wá láti inú àpótí ilé rẹ̀, èyí tí ó ní kábọ̀n lábẹ́, tí ẹ̀dà olúkúlùkù ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá Alága ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ mú káàdì wọn wá. Ọjọ́ méjì ni akọ̀wé fi jókòó tí ó ń fi rìsíìtì wé káàdì, tí ó ń kọ oṣù mẹ́ta náà lákọ̀tun. Káàdì ẹni méjì ni kò bá rìsíìtì mu, wọ́n sì yanjú rẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi ìwé kábọ̀n akápò yẹn ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku dísíkì tuntun. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni ẹnu tí ó fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí wáyà rẹ̀ bá tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ kéré tí ó sì tẹ̀ bíi lẹ́tà L, SATA ni, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2003. Bí wáyà rẹ̀ bá rí pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ bí ìgbànú, tí ó ní eyín 40, ti àtijọ́ tí ń jẹ́ IDE ni. Ó ti ṣọ̀wọ́n, owó tí ẹ ó fi wá a sì lè sàn kí ẹ fi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn. Ti abúlé yìí jẹ́ SATA. Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n: ti orí tábìlì jẹ́ íǹṣì 3.5, ti kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹ́ íǹṣì 2.5. Ẹ má sì ra èyí tí ó ju 2 TB lọ fún kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò tilẹ̀ nílò ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Irú dísíkì kan wà báyìí tí kò ní àwo, tí kò ní apá, tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀: SSD ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu SATA kan náà ni èyí tí ó bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu ń lò. Bí owó bá wà, òun ni mo fẹ́ràn, nítorí pé kò bìkítà fún ìgbọ̀nrìrì, ó sì máa ń mú kí kọ̀ǹpútà arúgbó yára lọ́nà tí yóò ya onílé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí á sọ òtítọ́: bí SSD bá fẹ́ kú, kì í sábà ké, ó lè kú lójijì, ó sì máa ń ṣòro láti rí ohunkóhun gbà padà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra dísíkì àlòkù ní ọjà kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ní Ikẹjà tàbí níbòmíràn, kí ó sọ fún olùtajà pé kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ SMART hàn án. Wákàtí tí dísíkì ti lò láti ọjọ́ tí a ti ṣe é wà níbẹ̀. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760. Bí ẹ bá rí 40,000, dísíkì náà ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún mẹ́rin àbọ̀. Bí olùtajà bá kọ̀ láti fi hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Ní ìgbà ọyẹ́, iná kékeré kan a máa wà lára ènìyàn, èyí tí ń mú kí aṣọ ró pàrà-pàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Iná yìí lè ba ohun èlò inú kọ̀ǹpútà jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó fà á mọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ara irin àpótí náà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Síkúrù méjì ní ẹ̀yìn àpótí ni ó sábà máa ń di ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ fi fóònù ya àwòrán inú rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan wáyà kankan. Àwòrán yìí yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyọnu.

Wáyà méjì ni ó wọ ẹ̀yìn dísíkì: èyí tí ó fẹ̀ jẹ́ ti iná, èyí tí ó kéré jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ẹ di ẹnu wáyà mú kí ẹ tó fà á, ẹ má fa okùn rẹ̀. Síkúrù mẹ́rin ni ó sábà máa ń di dísíkì mọ́ àyè rẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó wọn sínú àwo kékeré, nítorí síkúrù tí ó bá bọ́ sórí pátákó ńlá tí a kò sì rí i lè jó gbogbo rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹ ti dísíkì tuntun sí àyè náà, ẹ dè é, ẹ dá wáyà méjèèjì padà. Ẹnu wọn kò lè wọlé ní òdì. Bí ó bá ń kọ̀, ẹ yí i, ẹ má fi ipá tì í. SSD kéré ju àyè náà lọ, ó sì ní irin pẹlẹbẹ kan tí a fi ń dè é sínú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F2 tàbí Delete lórí kíbọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lè wọ inú BIOS, èyí tí ó jẹ́ ètò kékeré tí ó kọ́kọ́ máa ń jí. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni orúkọ dísíkì tuntun. Bí ó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ parí. Bí kò bá sí, ẹ pa á kí ẹ tún wáyà rẹ̀ tẹ̀.

Dísíkì tuntun dà bí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà sí i. Windows 7 ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ rárá. Èyí tí mo fi sí i ni Linux Mint, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kò sì béèrè agbára púpọ̀. A óò gbà á sórí fláàṣì láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, a óò fi fláàṣì náà jí kọ̀ǹpútà, a óò sì máa dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. LibreOffice wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣí ìwé owó tí a fi Excel kọ. Akọ̀wé kùn fún ọjọ́ mẹ́ta pé ojú rẹ̀ kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ kẹrin kò sọ ohunkóhun mọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì gbogbo, akọ̀wé ń da ìwé owó sórí fláàṣì méjì. Ọ̀kan ń wà nínú ọ́fíìsì, èkejì ń lọ sí ilé akápò, nítorí iná tàbí olè tí ó bá wọ ọ́fíìsì yóò kó kọ̀ǹpútà àti fláàṣì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ papọ̀. Ní òpin oṣù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Alága sì ń fọwọ́ sí i. Èmi ni mo dá ti fláàṣì lábàá. Ti títẹ̀ sórí ìwé jẹ́ àbá Màmá àgbàlagbà yẹn, ó sì dára ju tèmi lọ.

Ní ti òkú dísíkì, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí yóò fi dá yín lójú pé kò sí ohun tí ẹ gbàgbé sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ohun tí a pa rẹ́ lórí dísíkì kì í sábà kúrò níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a yọ nínú ìwé atọ́nà. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn láti Kánádà ra dísíkì àlòkù kan ní dọ́là 40 ní ọjà Tẹmà ní orílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Bí ti Amẹ́ríkà bá lè dé ọjà báyẹn, ti abúlé kò ní ṣàì dé.

Káfíńtà ẹgbẹ́ ni ó parí ti wọn. Ó fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìlu-igi lu ihò mẹ́ta já dísíkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, akọ̀wé sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.